Bàtà Tó Gbé Ilham Ṣubú

Hàbà, Ìyá Mofìyìn, ẹ má tíì tú ọ̀rá yẹn! Mo ti rí i. Mo ti rí òwú dúdú tí èmi Bẹ̀llò fi ọwọ́ ara mi fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ta ló ní kí ẹ gbé bàtà yìí wá fún mi? Ẹ̀ẹ́n? Kóòṣì Ezra? Ezra kan náà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré gígun ògiri, bí ẹni ń gun àpáta, ní Ungwan Romi? Ó ní kí n lẹ rọ́bà iwájú rẹ̀ tó ti jẹ, kí Mofìyìnfólúwa lè máa wọ̀ ọ́? Lahaolá! Ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kí ẹ jókòó, nítorí ó ti rẹ̀ mí, mi ò lè dìde dúró sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé wọ́n sọ ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn fún yín? Wọn ò sọ. Mo mọ̀ pé wọn ò ní sọ. Ilham ni, ọmọ Hàjàrá tó ń ta aṣọ nísàlẹ̀ àdúgbò wa níbí, ọmọ tó já bọ́ lára ògiri tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, tí ẹ̀yin náà bá wọn gbàdúrà fún. Bàtà ọjọ́ náà nìyẹn lórí itan yín. Rárá, ẹ má jù ú sílẹ̀, bàtà kì í gé èèyàn jẹ. Ẹ ṣáà gbọ́ mi.

Ó di ọdún kọkànlélógún tí mo ti ń rán bàtà ní àdúgbò Television yìí. Mo rán ti dírẹ́bà, mo rán ti sójà, mo rán ti ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n bàtà tí wọ́n fi ń gun àpáta, Ilham ló kọ́kọ́ gbé e wá bá mi. Mo ní, kí ló kéré tó báyìí, ṣé ti àbúrò rẹ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Baba mai takalmi, haka yake,” ìyẹn ni pé, Bàbá oníbàtà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ mọ àwọn ọmọ wa, ẹ sọ Yorùbá sí wọn, Haúsá ni wọ́n á fi dá yín lóhùn. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó wọ bàtà náà láìsí ìbọ̀sẹ̀, ó wá gun etí bẹ́ǹṣì mi yìí, etí tí kò nípọn ju ìka mi lọ, ó sì dúró! Orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan ló fi dúró, kò mì. Mo la ẹnu sílẹ̀.

Òun ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní bàtà yìí gbọ́dọ̀ fún, kí àwọn ìka ẹsẹ̀ káko díẹ̀ níwájú, kí agbára lè pa pọ̀ sójú kan, kí rọ́bà lè di òkúta mú. Kó fún, ṣùgbọ́n kó má fún débi tí ìrora á gba ọkàn ẹni. Àti pé kò gbọdọ̀ sí àyè ní gìgísẹ̀ rárá, nítorí ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á gbé ẹsẹ̀ sókè, gìgísẹ̀ ni wọ́n á fi kọ́ òkúta bí ìgbà tí èèyàn fi ìwọ̀ kọ́ nǹkan, òun ni wọ́n á fi fa ara wọn lọ. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Gwanjo ni, àlòkù ni Ezra rà, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ti wọ̀ ọ́ kó tó dé ibí. Iwájú ẹsẹ̀ Ilham gbòòrò, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì kéré. Níwájú, bàtà ń pa á. Lẹ́yìn, ó ṣófo. Èékánná ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti dúdú, ó ti fẹ́ yọ. Mo ti ìka mi bọ ẹ̀yìn bàtà náà nígbà tó ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìka mi wọlé, Ìyá Mofìyìn! Ìka yìí, ẹ wo bó ṣe tóbi. Mo ní, Ilham, n ó fẹ iwájú, n ó sì tú gìgísẹ̀, n ó gé díẹ̀ kúrò nínú awọ rẹ̀, n ó rán an pa dà kó lè gbá ẹsẹ̀ rẹ mú. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ pe kóòṣì.

Kóòṣì dé. Ẹ mọ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyá rẹ̀. Kò kí mi tán tó fi ní, “Baba, ẹ má fọwọ́ kan gìgísẹ̀ o. Àwọn tó ṣe bàtà yìí mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Iwájú nìkan ni kí ẹ fẹ̀.”

Mo ní, “Tí mo bá fẹ iwájú tí mi ò dín ẹ̀yìn, ṣe ni ẹsẹ̀ á máa lọ síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀.”

Ó ní, “Baba, ṣé ẹ ti gun ògiri rí?”

Mo ní rárá.

Ó ní, “Ẹ wá jẹ́ kí kálukú ṣe iṣẹ́ tó mọ̀.”

Lójú ọmọ náà! Èmi tí mo lè bí i. Mo wo Ilham, Ilham ń wo ilẹ̀.

Mo sì fẹ iwájú. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Wàláhì, mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì ṣe é. Mo fi omi gbígbóná rin awọ, mo ti ẹsẹ̀ onígi bọ̀ ọ́, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo rán ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ ya. Kí ni n bá ṣe? Àwọn ló ni bàtà. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn, kò sì wọ̀ mí létí.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan àwọn tó máa lọ díje ní Àbújá, Ilham ní kí n wá wòran. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ. Ẹ ò rí bí ọmọ yẹn ṣe ń gun ògiri! Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń já bọ́ ní ìdajì, òun ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, inú mi ń dùn, mo ti ń sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé èmi ni mo tún bàtà yẹn ṣe. Ó ku ibi ìdìmú méjì péré. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó fi gìgísẹ̀ kọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, ó fa ara rẹ̀. Mo rí i, Ìyá Mofìyìn. Mo rí gìgísẹ̀ tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú bàtà, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Mo dìde lórí ìjókòó. Àárín méjì nínú àwọn tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ló já bọ́ sí, ọwọ́ ló fi gúnlẹ̀. Mo gbọ́ ìró egungun náà.

Ezra dìde láàárín gbogbo èèyàn, ó ní, “Aránbàtà Television ló ba bàtà ọmọ yìí jẹ́!” Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Hàjàrá wà níbẹ̀. Hàjàrá tí mo ti mọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, tó máa ń fi ògì gbígbóná tí wọ́n ń pè ní kókó ránṣẹ́ sí mi nínú ààwẹ̀, ó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá báyìí bí ẹni pé ògiri ni mí. Àwọn oníbàárà ń gbé bàtà wọn lọ sí òdìkejì títì. Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ilham ló dùn mí. Ó nà sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo ojú mi, ó mọ ẹni tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan gìgísẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìrora ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ní ìrora ni. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà lónìí, ṣé ìrora náà ló ṣì dí i lẹ́nu?

Kí lẹ wí? Kí n dárí ji Ezra, kí n lẹ rọ́bà, torí kóòṣì ní ẹsẹ̀ Mofìyìn bá a mu? Ta ló wọn ẹsẹ̀ rẹ̀? Ṣé Ezra ti ìka bọ ẹ̀yìn bàtà náà wò? Ẹ̀yin ńkọ́? Kai! Ọwọ́ ọmọ kan ti ṣẹ́ nítorí rẹ̀, ọmọ mìíràn lẹ tún ń gbé fún un.

Ẹ na ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yẹn sí mi. Èyí tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ ṣeun. Mi ò bínú sí yín, ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹ wò ó, gìgísẹ̀ ni mo ń tú yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gé òwú rẹ̀, ẹ má pariwo. Ẹ lọ mú Mofìyìn wá kó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ pákó yìí kí n wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ méjèèjì. Tí kóòṣì bá ń bi yín, ẹ ní Bẹ̀llò ti fọwọ́ kàn án, kò sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó wá bá mi níbí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Hàjàrá ni kó kọ́kọ́ dé, kó sọ ohun tó sọ fún mi nípa gìgísẹ̀ yìí lójú ọmọ rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi.