Wákàtí Méjìlá Yẹn Dà?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ pé kí n jókòó! Ta ni yóò jókòó? Kí àbúrò yín, ọkọ mi, wà lókè òkun fún oṣù mẹ́jọ, kó wá fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wálé, kí n wá jókòó?

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lórí fóònù mi, ẹ fi ojú ara yín kà á. Nígbà tó ń lọ, bàálù gbéra níbí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó balẹ̀ lọ́hùn-ún ní aago méjìlá ọ̀sán. Wákàtí mẹ́ta péré! Èyí tó ń bọ̀ lónìí ńkọ́? Ó gbéra lọ́hùn-ún ní aago márùn-ún ìdájí, yóò balẹ̀ níbí ní aago mẹ́jọ alẹ́. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ọ̀nà kan náà, òfuurufú kan náà, ẹnikẹ́ni ò sì gbẹ́ kòtò síbẹ̀! Wákàtí méjìlá yẹn dà? Ibo ló ń yà sí? Ọ̀dọ̀ ta ni?

Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé ibi iṣẹ́ wọn ni, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ un, òun ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wọn. Bó bá ti pè mí báyìí, akọ̀wé bá wa po kọfí, akọ̀wé bá mi rí awò ojú mi, akọ̀wé, akọ̀wé! Èmi tí abẹ́rẹ́ ń gún níka níbí lórí aṣọ aláṣọ, ta ló ń dárúkọ mi? Mo ń jowú, bẹ́ẹ̀ ni, mo ń jowú! Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi, ṣé ẹ rí ẹran kankan níbẹ̀?

Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Mo ní kó má fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà mi, ọ̀dọ̀ ẹni tó fún ní wákàtí méjìlá ni kó lọ máa sùn. Ẹ̀wù ẹ̀ rèé nínú àpò. Kò tíì gbọ́ ọ, inú bàálù ló wà. Kó ṣáà balẹ̀!

Kí lẹ ń nàka sí? Aago méjèèjì ara ògiri? Èmi náà ni mo gbé wọn kọ́ sókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Tọ̀tún ni tiwa, tòsì ni ti ìlú ọ̀hún, àbúrò yín ló rà á kí n má baà máa pè é nígbà tó bá ń sùn. Tiwa ti lu méjìlá ọ̀sán, tiwọn lu mẹ́fà àárọ̀. Kí ló wá kan bàálù níbẹ̀?

Ẹ ní kí ni? Aago ibi tó ti gbéra ni wọ́n fi kọ ìgbéra, aago ibi tó balẹ̀ sí ni wọ́n fi kọ ìbalẹ̀? Lílọ, mẹ́ta… ẹ fi mẹ́fà kún un… mẹ́sàn-án. Bíbọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún… ẹ yọ mẹ́fà…

Yéè! Mo gbé!

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wo aago yìí! Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ ti lọ, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á padà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀, ẹ lọ dúró dè é ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, bí ẹ bá ti rí i, ẹ gba fóònù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó tàn án. Ẹ ní ìyàwó ẹ̀ ti gbálẹ̀, ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Ẹ jẹ́ n tú àpò ẹ̀wù yìí ná.

Ṣùgbọ́n o, bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ bá mi wo ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn.