Awọ Àgbò Tí Ìyá Mi Fi Ń Kírun

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Okùn ni wọn yóò fi gbé mi kọ́. Ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni n kò mọ̀. Ẹ má káàánú mi jù. Ẹ kàn gbọ́ bí ẹni tó kàwé nípa ẹranko ní yunifásítì ṣe fẹ́ kú nítorí àgbò.

Adìyẹ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní Mowe, adìyẹ aládùúgbò wọ yàrá mi, mo tilẹ̀kùn, mo sè é. Nígbà tí obìnrin náà ń wá a kiri, èmi náà bá a wá a. Láti ibẹ̀ mo bọ́ sórí ewúrẹ́ àwọn ará Ibafo. Agbaninímọ̀ràn lórí ohun ọ̀sìn ni mo ń pe ara mi nígbà náà.

Ìyá mi ń gbé ní Ifo. Orúnkún ń dùn ún, ó sì fẹ́ awọ àgbò tí yóò máa kírun lé. Mo ti fọ́nnu pé n ó pàgbò fún un bí àwọn ọmọ gidi. Ni mo bá rántí Bàbá Sùlè, àgbàlagbà tó ń sin àgùntàn ládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni mo lọ, nígbà tí mo rò pé gbogbo èèyàn wà ní mọ́sálásí. Àárẹ̀ mú bàbá náà, ó wà nílé.

"Ta nìyẹn? Háà! Ṣé kì í ṣe ọmọ Ìyá Ràfíátù nìyí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Ìwọ tí ìyá ẹ ń fi yangàn sí wa? Olè!"

Mo fa èèkàn àgbò yọ, mo fi gbá bàbá náà lórí. Kò dìde mọ́.

Mo pa àgbò náà ní Ibafo. Mo fi iyọ̀ pa awọ rẹ̀, mo sì tẹ́ ẹ sínú àjà kó gbẹ, kí aládùúgbò má baà rí i. Nígbà tí mo gbé e fún ìyá mi, ó ní, "Ọlọ́run á máa bò ẹ́ láṣìírí."

Nígbà tó yá, ara ìyá mi kò yá, àwọn obìnrin mọ́sálásí wá ṣàdúrà fún un. Opó Bàbá Sùlè wà lára wọn. Bó ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ ló rí irun pupa tó yí ọrùn awọ funfun náà ká bí òrùka.

"Ìyá Ràfíátù, níbo lẹ ti rí èyí? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ ẹran yìí dàgbà!"

Ọlọ́pàá mú mi. Mo rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ojú kọ́ ni wọ́n fi ń dájọ́. DNA, àmì ìran tó wà lára ẹranko, kì í pẹ́ bàjẹ́ tó bá ti kúrò lára rẹ̀. Mo kàwé nípa ẹ̀."

"Ó dáa, Púrọ́fẹ́sọ̀. Ìyá àgbò náà ṣì ń jẹko nílé opó."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ abo àgùntàn náà, wọ́n gé etí awọ. Ìyá àti ọmọ ni. Ni mo bá jẹ́wọ́ ìyókù.

Ní kóòtù, onímọ̀ kan ṣàlàyé pé omi, ooru àti oòrùn ló ń tètè ba DNA jẹ́. Èyí tí wọ́n bá fi iyọ̀ sí, tó gbẹ dáadáa níbòòji, lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí mo fi í pamọ́ sí gan-an ló pa á mọ́ dè mí. Ìbéèrè yìí jáde nínú ìdánwò mi rí. Irọ́ ni mo kọ kún ìwé, wọ́n sì ní mo yege.

Ìyá mi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. "Orí awọ yẹn ni mo ń forí kàn lẹ́ẹ̀màrún lójúmọ́," ó ní. "Orúkọ ẹ ni mo sì ń dá nínú àdúrà." Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń kírun lé báyìí, pẹ̀lú orúnkún yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní ọgbọ́n kankan tí mo fẹ́ kọ́ yín. Ẹ rí ibi tí tèmi gbé mi dé. Bí adìyẹ ẹlòmíràn bá ṣèèṣì wọ yàrá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.