Aṣọ Tí Àbẹ̀bí Fi Dí Ihò Èéfín

Lọ́jọ́ tí Àbẹ̀bí pinnu pé òun yóò sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti wọlé dáadáa, kí òun lè rí ojú gbogbo ẹni tí òun ránṣẹ́ pè. Ikọ́ ti jẹ ẹ́ tán. Obìnrin tó máa ń ru ẹrù igi láti oko dé ẹ̀bá títì Odomèta láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ gbé bí ìkòkò tó ti sán. Firmin, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló gbé e jáde. Èṣùgbàyí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti kú, olórí agboolé náà, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn pátápátá, ní ìdí òpó, ni Prudence jókòó sí. Ìyàwó Firmin ni tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Adakplamè. Kò mọ ohun tí wọ́n tún fẹ́ fi òun ṣe ní ilé yìí. Wọ́n ṣáà ní ẹni tó ń kú lọ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá.

Èṣùgbàyí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àbẹ̀bí gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má tíì gbàdúrà fún mi, Bàbá. Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ fẹ́ gbàdúrà fún. Ohun kan wà láyà mi tó wúwo ju ikọ́ yìí lọ, bí mo bá sì gbé e wọlẹ̀, ilẹ̀ á bì í jáde. Ọ̀rọ̀ Flora ni."

Prudence gbé orí sókè. Flora ni ọmọ tí ó bí fún Firmin, ọmọdébìnrin tó kú sínú ilé ìdáná ní ọjọ́ òjò kan. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Odomèta bí ọmọ náà ṣe kú: ìyá rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà pẹ̀lú iná. Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ nìyẹn.

Àbẹ̀bí mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Igi ìdáná títà ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge, bí ìnáwó bá sì wà, òun ni wọ́n ń wá láti dáná rẹ̀. Ààrò olókùúta mẹ́ta ló mọ̀, pẹ̀lú ìtì igi ńláńlá àti èéfín tó ń bo àgbàlá bí ọyẹ́. Ó gbà pé ojú tí èéfín kò bá tíì mú omi jáde nínú rẹ̀, kì í ṣe ojú obìnrin tó mọ ọbẹ̀ sè. Nígbà tí Firmin mú Prudence wálé, tọwọ́tẹsẹ̀ ni Àbẹ̀bí fi gbà á. Ọmọ dáadáa ni, ó ní ọ̀yàyà, ó sì lápá iṣẹ́. Ààrò ló da àárín wọn rú.

Prudence lọ kọ́ irú ààrò tuntun kan ní Kétu, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin kan tó ń kọ́ni bí wọ́n ti ń mọ ọ́n. Amọ̀ ni, tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ. Ó ní ẹnu kékeré tí igi ń gbà wọlé, ó ní ojú méjì tí ìkòkò ń jókòó lé pinpin, ó sì ní ọ̀pá páànù oníhò, tí wọ́n ń pè ní túyò, tó ń gbé èéfín gba ara ògiri jáde sẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dáná sí i, Firmin ló sáré wá pe ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ wá wo nǹkan! Ilé ìdáná tí èèyàn lè wọ aṣọ funfun jókòó sí!"

Àbẹ̀bí lọ wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ni mo fi rín in," ló wí fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. "Inú mi ti ń gbóná ju ààrò náà lọ."

Igi tí ì bá jó tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń se oúnjẹ fún wọn léraléra. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá wò ó. Thérèse, aládùúgbò wọn tí èéfín ti ń jẹ ojú rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ló kọ́kọ́ ní kí Prudence wá mọ ọ̀kan fún òun. Prudence kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn. Á ní igi gbígbẹ ni kí wọ́n máa lò, kí wọ́n là á wẹ́wẹ́, kí wọ́n má kì í há ẹnu ààrò. "Igi tútù, omi inú rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ sè kí ọbẹ̀ tó hó," báyìí ló máa ń wí. "Ẹ sì máa gbá inú túyò mọ́. Bí ọ̀nà èéfín bá dí, inú ilé ló ń padà sí."

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu Prudence gan-an ni Àbẹ̀bí ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, Thérèse wá ra igi. Ó mú ọ̀kan, ó fi ọwọ́ kàn án kó kó, ó gbé e sétí, ó sì dá a padà sórí òkìtì. "Ìyá, ó ṣì tutù. Prudence ní..."

"Prudence ní, Prudence ní! Ta ló bí Prudence nígbà tí mo ti ń ta igi?"

Thérèse bẹ̀ ẹ́, ó sì lọ, ṣùgbọ́n kò ra igi. Láti ọjọ́ náà ni Àbẹ̀bí kò ti lè sùn dáadáa mọ́. "Ìlara ni," ló wí. "Ẹ má bá mi fún un lórúkọ mìíràn. Kì í ṣe ebi. Firmin ń bọ́ mi. Ìlara ni, ní ọjọ́ orí mi, sí ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀."

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn obìnrin kan láti àdúgbò kejì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́sàn-án láti wá wo ààrò náà. Prudence gbé ẹ̀wà kaná dè wọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé, Àbẹ̀bí yí gba ẹ̀yìn ilé, ó da odó dé, ó gun orí rẹ̀, ó sì ki àkísà ìró rẹ̀ kan bọ ẹnu túyò, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ó fi le. Ohun tó fẹ́ ni pé kí èéfín padà bo àwọn àlejò náà lójú, kí wọ́n máa wúkọ́ sá jáde, kí òun sì dúró ní ìloro kí òun máa wò wọ́n. Ohun tó fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ fún wọn, ó sì tún gbà pé ìyẹn kò dá òun láre.

Òjò ló dé dípò àlejò, òjò oníjì tó ń fẹ́ wọ ojú fèrèsé. Ẹ̀wà ti ń jinná. Prudence fa igi kúrò lẹ́nu ààrò kí èéfín tó pọ̀ dé ibi tí yóò fi fura, ó ku ẹ̀yinná pupa lábẹ́ ìkòkò. Ibà ti mú Flora láti àárọ̀, orí ẹní ní ilé ìdáná ló sùn sí nítorí ibẹ̀ móoru. Ìyá rẹ̀ ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, kí atẹ́gùn òjò má baà fẹ́ sí i lára. Ó fi ọ̀rá borí, ó wá sí ẹnu ọ̀nà Àbẹ̀bí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sáré ra oògùn ibà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Flora ń sùn ní ilé ìdáná. Ẹ bá mi máa tẹ́tí sí i."

"Máa lọ," ni Àbẹ̀bí wí.

Nígbà tó dé ibí yìí, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó dáadáa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Firmin bu omi fún un, kò mu ún. "Ẹ gbọ́ o. Mo mọ̀ pé aṣọ wà nínú túyò. Mo mọ̀ pé ọmọ wà nínú ilé. Mo sì ní máa lọ. Mo dìde lóòótọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà, òjò ń rọ̀, mo sì rò ó pé bí òjò bá dá, àwọn obìnrin yẹn ṣì lè wá. Bí mo bá yọ aṣọ náà, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní ẹ̀yinná kì í rú èéfín, kí ló lè ṣe? Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yinná nínú ilé tó dé pa ń pa èèyàn láìsí èéfín lójú. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Mo ní, jẹ́ kó wúkọ́ díẹ̀, kí ìyá rẹ̀ bá a bẹ́ẹ̀, kó lè mọ̀ pé ààrò òun kò dára tó bó ti ń wí. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ikọ́ mọ́. Mo ní ó ti sùn lọ."

Igbe Prudence ló gbé Àbẹ̀bí dìde. Kò sì sáré tọ ọmọ lọ. Ẹ̀yìn ilé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ. Nínú òjò náà, ó gun odó, ó fa aṣọ náà yọ, ó fi í sábẹ́ ìró, ó sì gbé e wọ yàrá rẹ̀ lọ tọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó ká ọwọ́ lérí, tó wọ ilé ìdáná, níbi tí Prudence ti gbé ọmọ mọ́ àyà, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu Àbẹ̀bí jáde lójú àwọn tó ti péjọ ni pé, "Mo ti wí fún un! Ó ti ọmọ mọ́ iná! Ààrò yìí ló pa á!"

Prudence wò ó. "Ìyá, mo ní kí ẹ bá mi tẹ́tí sí i."

"Èmi? Ìgbà wo lo bá mi sọ̀rọ̀?"

Firmin ti oko dé, ó ki ọwọ́ bọ túyò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbé ọkọ́, ó fọ́ ààrò náà túútúú. Láàárín oṣù yẹn ni Prudence di ẹrù rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé òun ló pa ọmọ òun. Àwọn obìnrin Odomèta fọ́ ti wọn náà, Thérèse fọ́ tirẹ̀, wọ́n padà sórí òkúta mẹ́ta, wọ́n sì ń ra igi bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń rà á," ni Àbẹ̀bí wí. "Mo tà á, mo jẹ ẹ́. Thérèse kò ríran mọ́ báyìí. Ikú Flora ni mo fi pa ojú Thérèse."

Firmin dìde, ó bọ́ sí àgbàlá, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Èṣùgbàyí ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Prudence ló sún mọ́ ẹní náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sún mọ́ ti ìyá ọkọ rẹ̀ dáadáa.

"Ìyá, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ó pè mí?"

Àbẹ̀bí lè purọ́. Ó mọ̀ pé irọ́ kan ṣoṣo á tu ọmọ yìí nínú. Ó pa ojú dé, ó tún là á.

"Ó pè ọ́. Ó ní, Màmá. Ó pè ọ́ títí. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn rẹ, ó pè mí. Ó ní, Ìyá àgbà. Mo gbọ́ ọ. Mi ò dá a lóhùn."

Prudence fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ó gbé e sókè. "Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé kò pè mí, pé ojú oorun ló kú sí."

"Dárí jì mí, ọmọ mi."

"Bí mo bá ní mo ti dárí jì yín báyìí, irọ́ ni, Ìyá. Irọ́ sì ti pọ̀ jù nínú ilé yìí."

Èṣùgbàyí tún fìlà rẹ̀ dé. "Àbẹ̀bí, gbangba lo ti ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Gbangba náà lo ó ti tún un ṣe, bí èémí bá ṣì wà. Prudence, mo bẹ̀ ọ́, sùn sọ́dọ̀ ìyàwó mi dọ̀la."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Firmin gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìdí kànga tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi. Kò bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó fi aṣọ bò ó kí òtútù má baà mú un. Ọ̀rọ̀ tí Àbẹ̀bí sọ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gígùn tó sọ kẹ́yìn láyé, nítorí kò rí ọ̀sẹ̀ náà parí. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kankan pamọ́: aṣọ, òjò, ikọ́, ìpè ọmọ, àti irọ́. Òfìfo báṣíà wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò pọnmi sí i mọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí nígbẹ̀yìn, "ààrò kò pa Flora. Èmi ni. Ẹ lọ mọ ti yín padà. Ẹ sá igi kó gbẹ, ẹ máa gbá ọ̀nà èéfín mọ́, ẹ má sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yinná nínú ilé tó dé pa, kódà bí òjò bá ń rọ̀, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá sì rí i pé ire ẹlòmíràn ń ta yín lára, ẹ tètè sọ ọ́ fún ẹnìkan. Èmi kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé e gun orí odó. Mo bẹ̀ yín, mo bẹ ọmọ yìí, mo bẹ Ọlọ́run."

Gbogbo ojú yí sí Prudence. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó di aṣọ rẹ̀ mú ní àyà. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dán ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́.

"Èmi kọ́ ni mo pa ọmọ mi."

Thérèse ju korobá rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń tẹ̀lé ohùn náà láàárín àwọn obìnrin, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ojú Prudence.

"Ìwọ kọ́ o, ọmọ mi," ló wí. "Ìwọ kọ́."

Àwọn tó kù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, yí kànga náà ká: "Ìwọ kọ́, Prudence. Ìwọ kọ́."