Bùsáírì Tó Ní Òun Gbọ́ Èdè Òṣùpá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó dá òṣùpá, tí kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe agbẹnusọ fún un. Ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànọ́bì wa. Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, àti ẹ̀yin tẹ́ ò tiẹ̀ ṣe Mùsùlùmí tẹ́ ẹ dúró lójú ọ̀nà, ẹ súnmọ́ wa. Ohun tí mo bá wá kò gùn. Ìmọ̀ gáìbù, ìmọ̀ ohun tó pamọ́, ti Ọlọ́run nìkan ni. Ẹni tó bá ní òun ní in, irọ́ ló ń pa. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, ó ń bá a ru irọ́ náà ni.

Inú ń bí mi lónìí, mi ò ní fi bò. Àná ni mo gbọ́ tí àwọn kan nínú yín ń sọ pé àwọn ò tíì ní gbin nǹkan nítorí bí oṣù ṣe lé. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abà Oníyanrìn.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bùsáírì. Sáfù iwájú ló máa ń wà ní mọ́sáláṣí. Tí oṣù bá ti lé, á jáde síta lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbà, á gbójú sókè, á máa mi orí. Bí oṣù bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á ní omi inú rẹ̀ ti ń dà, òjò dé. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ bí igbá, á ní ó gba omi dúró, kí ẹnikẹ́ni má gbin nǹkan. Ǹjẹ́ wọ́n bi í pé ta ló sọ fún un? Wọn ò bi í. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ̀ ń bèèrè?

Lọ́dún kan, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ mu omi yó. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe gbé ọkọ́ ni Bùsáírì ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Ó ní òṣùpá fẹ̀yìn lélẹ̀, pé ẹni tó bá gbìn báyìí, ẹyẹ ló gbìn ín fún. Ó tún ní ẹni tó bá fi irúgbìn kan ilẹ̀ kí òun tó sọ̀rọ̀, onítọ̀hún ló lé òjò lọ fún gbogbo abà. Baálẹ̀ gbọ́, ẹ̀rù bà á, ó sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Opó kan wà ní abà náà, Sàbítíyù lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ṣì kéré, àbíkẹ́yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Irúgbìn àgbàdo tó fi sókè ààrò ni gbogbo ohun tó ní. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Bùsáírì, ó ní ilẹ̀ tutù dé ìsàlẹ̀ ebè, kó jọ̀ọ́ jẹ́ kóun gbin díẹ̀. Ọkùnrin náà bi í bóyá ó fẹ́ mọ̀ ju òṣùpá lọ ni. Sàbítíyù padà sílé.

Oṣù lé, ó kú, òmíràn lé. Nígbà tí òjò tún rọ̀, Bùsáírì ní jíjò ni òṣùpá ń jò, kò tíì dà. Oúnjẹ tán nílé opó náà. Níjọ́ tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ sunkún títí tí kò lókun ẹkún mọ́, Sàbítíyù gbé irúgbìn náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì sè é. Inú àwọn ọmọ dùn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ní ayọ̀ wọn yẹn ló dun òun jù.

Nígbà tí Bùsáírì wá yọ̀ǹda, gbogbo abà sáré lọ sóko. Sàbítíyù kò ní ohun tí yóò gbìn, ló bá gba òdìkejì odò lọ ṣẹ́gi. Ibẹ̀ ló ti bá àgbàdo tó ga jù ú lọ, tó ti yọmọ. Àwọn ọmọ Bùsáírì tó ti dàgbà ń ya á sínú àpò, wọ́n ń gbé e lọ sọ́jà ìlú níbi tí àgbàdo tútù kò tíì dé. Ó bèèrè ẹni tó loko. Wọ́n ní bàbá àwọn ni, àkọ́rọ̀ òjò ni àwọn fi gbìn ín.

Jàmáà, ṣé ẹ gbọ́? Ó so ọwọ́ abà kan lódidi, kí tiẹ̀ lè kọ́kọ́ dọ́jà! Múnáfíkì kì í hu ìwo lórí ká tó dá a mọ̀.

Lọ́jọ́ jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Sàbítíyù dìde láàárín àwọn obìnrin, ó gbé àgbàdo kan sẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó sì sọ ibi tó ti ya á. Wọ́n bi Bùsáírì. Ó ní òṣùpá tó ń ràn lókè odò kọjú síbòmíràn. Odò tí ewúrẹ́ ń là kọjá tí ikùn rẹ̀ kì í tutù!

Àwọn ọ̀dọ́ fa àdá yọ, wọ́n ní àwọn yóò lọ ṣá oko náà balẹ̀. Sàbítíyù ló dá wọn dúró.

Ó ní, "Ẹ má ṣá a, oúnjẹ ni. Ẹ ṣáà ní kí bàbá dìde, kí wọ́n sọ fún wa pé àwọn ò mọ̀."

Ìmáàmù pe Bùsáírì síwájú. Ó wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọjọ́ orí rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Ìmáàmù ní kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn.

Bùsáírì ní, "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rí."

Wọ́n gba irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ fún opó náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó sọ lọ́jọ́ yẹn kò dá àkọ́rọ̀ òjò padà. Òjò dáwọ́ dúró nígbà tí àgbàdo àwọn ará abà ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, ó sì gbẹ mọ́ wọn lójú. Ebi pa Abà Oníyanrìn lọ́dún náà, ó pa ẹni tó ń kírun, ó pa ẹni tí kì í kí i.

Mi ò ní kí àgbẹ̀ má wojú ọ̀run o. Ẹni tó rí i pé òjò ṣú, tó kó aṣọ wọlé, kò ṣẹ̀. Fọwọ́ kan ilẹ̀, bó bá tutù, gbìn, kí o sì ṣàdúrà. Òṣùpá wà ká lè mọ ìgbà ààwẹ̀ àti ìgbà háájì. Ta ló wá sọ ọ́ di olúwa oko yín? Bùsáírì purọ́, ṣùgbọ́n ta ló gbé ọkọ́ kalẹ̀? Ta ló wo opó lójú, tó ní kó máa dúró? Lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, ẹ ò ní lè sọ pé òṣùpá ló dá yín dúró.

Ọlọ́run Ọba, fún wa ní àkíyèsí ọkàn. Là wá lẹ́nu láti sọ pé a ò mọ̀ nígbà tí a kò bá mọ̀. Má fi irọ́ ẹnikẹ́ni mú wa se irúgbìn wa jẹ. Rọ òjò rẹ fún wa, òjò àlùbáríkà, kó sì bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Àmín.