Ẹja Tó Ń La Ẹnu Lẹ́yìnkùlé Wa

Ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ìyá yín náà jókòó. Dókítà ní ọ̀la làwọn máa la ikùn mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Èmi ni mo pa gbogbo ẹja tó wà nínú adágún lẹ́yìnkùlé wa. Kì í ṣe àǹtí yín.

Ìyá yín ló ń sin ẹja yẹn. Ó ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kí wọ́n máa jẹun, àǹtí yín, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, sì ń bá a pààrọ̀ omi. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ mi kò ju kí n máa ti orí àga kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́jọ́ kan, mo kọjá lẹ́bàá adágún, ni gbogbo ẹja bá sáré wá pàdé mi. Ta ló tún ń sáré pàdé mi nínú ilé yẹn? Mo bu oúnjẹ sí wọn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń lọ tọ̀, mo bu; bí mo bá ń bọ̀, mo tún bu. Àgbàyà ni mí.

Oúnjẹ tí wọn kò jẹ tán rì sísàlẹ̀, ó jẹrà, omi ki, ó sì ń rùn. Àǹtí yín ní, "Bọ̀dá, omi yìí ò dáa o. Àná ni mo sì pààrọ̀ ẹ̀." Mo ní kó lọ fọ abọ́. Nígbà tó yá, àwọn ẹja ń yọrí sókè, wọ́n ń la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá, omi ti bàjẹ́ kọjá ohun tí ẹja lè mí nínú ẹ̀. Èmi ní ebi ni. Mo da ìdajì àpò oúnjẹ sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti yí ikùn sókè lọ bẹẹrẹ. Ìyá yín bú sẹ́kún, ó bi àbúrò rẹ̀ pé, "Kí lo dà sómi?" Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo mi orí, mo ní, "Àwọn ọmọ òde òní, wọn kì í fara balẹ̀." Oúnjẹ ẹja kún àpò ṣòkòtò mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àǹtí yín palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ, òun àti ìyá yín kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Ìyá àwọn ọmọ mi, má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ẹni tó ń la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń wá. Ó yá, ẹ pe àǹtí yín, ẹ gbé fóònù sí mi létí. Àbúrò mi, bọ̀dá ẹ ni. Jọ̀ọ́, má tíì gé fóònù. Ìwọ kọ́ lo pa ẹja yẹn.