Pèrègún Tí Ọláṣùpọ̀ Ṣí Nípò

Òótọ́ tí Bàbá Ọláṣùpọ̀ rì mọ́ etí odò Ọ̀pẹ̀kí ní Fìdítì ti hù jáde. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun bò ó mọ́, nítorí òun ò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Fúnlọ́lá ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní Ọ̀yọ́, ló fa á láìmọ̀. Ó wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé ní Sátidé, òun àti ọkọ òun á kó wọ ilé tí àwọn rà ní ẹ́síteètì etí odò náà, àwọn àti Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ wọn tí kò tíì rìn. Bó ṣe fẹ́ máa lọ ló rẹ́rìn-ín pé igi kan ń yọ òun lẹ́nu níbẹ̀: "Bàbá, pèrègún kan ń hù lẹ́yìn kíṣìnnì wa. A gé e, a da sìmẹ́ńtì lé e, ó tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́." Bàbá tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀. Ta ló rán an? Àbí Ṣàmsúdéènì, ọkùnrin tí wọ́n jọ ní ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ etí odò yẹn nígbà kan, ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí? Ó bi í léèrè ẹni tó ń bá rìn láìpẹ́ yìí. Ọmọ ní kò sẹ́nì kankan, òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bàbá ní afẹ́fẹ́ odò ò dáa fún ọmọdé. Ó tún ní ọ̀nà ibẹ̀ jìn sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Fúnlọ́lá padà jókòó. "Bàbá, àwáwí yìí ti pọ̀ jù. Kí lẹ ń fi pamọ́ fún mi?"

Ibi tí agídí bàbá kán sí nìyẹn. Ó ránṣẹ́ pe Ṣàmsúdéènì láti Ìmíni. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú Kùdírátù ọmọ rẹ̀. Omi tí Fúnlọ́lá gbé fún wọn, wọn ò fẹnu kàn án. Kùdírátù ò tilẹ̀ jókòó; ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, bí ẹni tó ń retí kí ọ̀fìn là lábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, Ọ̀pẹ̀kí kún, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn lọ. Bí omi ṣe fà tán, Ṣàngótóyè bàbá òun rìn tọ ibi tí ẹrẹ̀ parí sí, ó ń gbin pèrègún lọ. Pèrègún tí ìlú fi ń pa ààlà oko, ó fi pa ààlà èèyàn àti omi, ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé kọjá a. Nígbà tí Dámiláre, ọmọ ìlú kan tó rí já jẹ, fẹ́ kọ́ ẹ́síteètì síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé wá wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí àgbà fi ibi tí omi dé rí han àwọn. Òun ló fi pèrègún hàn wọ́n, wọ́n sì kọ̀, wọn ò fọwọ́ sí i. Dámiláre ò bínú. Ó kàn ń wá kí bàbá lemọ́lemọ́, títí ó fi sọ pé bí pláànù bá lè kọjá, orúkọ Ṣàngótóyè làwọn á kọ sí ẹnu géètì, kí gbogbo ayé máa rí i.

"Orúkọ yẹn ló pa mí," ni bàbá wí. "Ẹ wo ayé mi: mo hú ohun tí bàbá mi gbìn, kí n lè gbé orúkọ rẹ̀ ga."

Ó mọ̀ pé pèrègún kì í kọ ilẹ̀. Ibi tí wọ́n bá gé e gún sí, á hù. Ó dúró de òjò àkọ́rọ̀, òun àti Dámiláre gé wọn, wọ́n lọ gbìn wọ́n sí ìsàlẹ̀ létí omi. Wọ́n wú gbòǹgbò àtijọ́, àmọ́ ọ̀kan ṣorí kunkun, bàbá sì fi erùpẹ̀ bò ó. Àgbà tí ń fi erùpẹ̀ bo ẹ̀rí! Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ padà wá, ewé tuntun ti yọ. Wọn ìbá kàn fọwọ́ sí i, wọn ìbá lọ, ṣùgbọ́n Ṣàmsúdéènì, tí oko rẹ̀ bá ibẹ̀ pààlà, bọ́ síwájú. Ó ní wọ́n ti ṣí pèrègún nípò, kí wọ́n wá wo ojú ihò wọn lókè.

Ohùn bàbá rẹlẹ̀. "Fúnlọ́lá, má wojú mi." Ó ní níbẹ̀, lójú gbogbo àgbà ìlú, òun fi sàréè bàbá òun búra pé Ṣàmsúdéènì ló lọ gbin pèrègún irọ́ sókè tẹ́lẹ̀, kó lè fi jẹ ilẹ̀ onílẹ̀, pé ó ti tan òun náà jẹ nígbà tí òun kọ́kọ́ fi í hàn wọ́n, àmọ́ òun ti hú u báyìí. Wọ́n gba ewú gbọ́. Wọ́n fọwọ́ sí pláànù. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti ń pe Ṣàmsúdéènì ní aṣíààlà, títí ó fi kó lọ sí Ìmíni. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ Kùdírátù ní àwọn ò fẹ́mọ nílé aṣíààlà.

Kùdírátù ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ dákẹ́ nígbà tí wọ́n kọ̀ mí. Ẹ dákẹ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíì gbọ́mọ wọn pọ̀n, tí wọ́n kó wọbẹ̀. Ìgbà tó kan ọmọ tiyín lòótọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di òótọ́?"

Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ṣàmsúdéènì tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n," ni Ṣàmsúdéènì wí. "Ìta lẹ ti bà mí jẹ́, ẹ wá ń bẹ̀ mí nínú pálọ̀. Ẹ jẹ́ ká pàdé ní Sátidé, lẹ́nu géètì yẹn."

Ní Sátidé, Fúnlọ́lá ò kó ẹrù kankan. Bàbá dúró sábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ fún àwọn tó ń gbébẹ̀. Ẹnì kan ní ta ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Òmíràn ní àbí wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ àwọn ni. Ó dá wọn láre: ẹni tó purọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n fura sí i. Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́, ó ní, "Ẹ má gba àgbà gbọ́ tìtorí ewú. Ẹ wo ilẹ̀. Ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀, ẹ foríjì mí, kí ẹ sì kó ọmọ yín kúrò níbí kí omi tó dé."

Ṣàmsúdéènì la àárín èrò kọjá. Ó kọjá lára rẹ̀, kò wò ó. Ẹ̀yìn kíṣìnnì Fúnlọ́lá ló gbà lọ, ó fa òòlù yọ nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sìmẹ́ńtì tó wà lórí gbòǹgbò náà. Gbogbo èrò tẹ̀ lé e. Wọ́n wo ọ̀mùnú pèrègún náà, wọ́n wá yíjú wo ilé wọn, tí gbogbo rẹ̀ pátá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níhà omi. Bàbá dúró lẹ́nu géètì ní òun nìkan, ó ń gbọ́ ìró òòlù, kò sì tíì mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí ji òun. Òjò ti ń ṣú lápá òkè odò.