Ohun Tí Sídíì Ayédèrú Gbé Lọ

Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Minna, mo ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù atúnkọ̀ǹpútà kan ní Ọjà Kure nígbà tí atúnkọ̀ǹpútà náà sọ fún tíṣà obìnrin kan pé kò sí ohun tó ṣẹ́kù nínú kọ̀ǹpútà obìnrin náà.

"Àǹtí, sídíì ayédèrú tí ẹ rà ló kó fáírọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́. Ṣé kò sí ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín ni?"

"Ó wà. Ìwé inú páálí sídíì ló ní kí n kọ́kọ́ pa á."

"Haba! Ẹ sì pa á?"

"Èmi fúnra mi ni mo so ajá mọ́lẹ̀ fún olè. Ìtàn ayé bàbá mi ló wà níbẹ̀, láti ìgbà tó wọṣẹ́ rélùwéè. Ó ń sọ ọ́, mò ń kọ ọ́, títí ó fi kú."

"Ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí ńkọ́?"



"Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tán, mo kó wọn fún ìyá tó ń ta àkàrà kósáì ní Maitumbi kó máa fi wé e. Láti ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ti kú ni mo ti ń ra kósáì lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ìwé ìròyìn ló fi ń wé e báyìí."